Ìjàpá Ò Jí Láàárọ̀? Ẹ Tọpa Iná Rẹ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Ra Páàtì Kankan

Lónìí, mo gbé ọ̀rọ̀ òṣèlú tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ, kì í sì í ṣe Máíkírà tó kún títì Ìbàdàn o. Fọ́sìwágìn àtijọ́ ni mò ń wí, èyí táwọn bàbá wa sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí bí igbá. Mo mọ̀ pé ọ̀kan wà lẹ́yìnkùlé bàbá ọ̀pọ̀ nínú yín, tí adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti ń rà á báyìí, wọ́n ń kùn ún lọ́dà, wọ́n ń fi ya fọ́tò ìgbéyàwó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀dà kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ rìn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, tèmi kú sí àárín Gbági. Gbági àtijọ́ ni o, kì í ṣe tuntun tó wà lọ́nà Ifẹ̀. Láti Dùgbẹ̀ ni mo ti ń bọ̀, mo fẹ́ gba Ògùnpa lọ sí Bẹẹrẹ. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá mi dúró níwájú àwọn aláṣọ, ọkọ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kíkì ní "gìrr", ó ṣe bí ẹni tí oorun ń kùn, kò lè yí ẹ́ńjìnnì. Àwọn onímáíkírà ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Ìyá kan tó ru aṣọ dúró, ó wò mí, ó ní, "Bùrọ̀dá, àbí ó ti kó orí wọ inú ìkarahun ni?" Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ò pa èmi o. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ríwáyà kan ti sọ fún mi pé bátìrì ló kú. Mo ra tuntun. Nígbà tí nǹkan ò yí padà, ó ní kọ́ìlì ni. Mo ra ìyẹn náà. Ó wá ku kí n ra kíkì, owó sì ti tán lápò. Bàbá mi ló ni ọkọ̀ yìí. Òun ni wọ́n fi gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Síbẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ń ra irin àlòkù dúnàá-dúrà. Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn.

Àwọn aláàárù bá mi ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ibẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan ti ń tú dáínámò lábẹ́ agboòrùn ńlá kan. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Wọn ò tiẹ̀ bi mí pé kí ló ṣe é. Wọ́n ní kí n ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí n sì tún yí kọ́kọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, fọwọ́ kan wáyà tọ́tù yìí." Mo fọwọ́ kàn án, kíá ni mo fa ọwọ́ padà. Ó ti gbóná janjan. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Irin lásán tó ń fa kabúrétọ̀ nìyí. Kí ni iná ń wá nínú rẹ̀?"

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Iná tó bá jáde nínú bátìrì gbọ́dọ̀ padà sínú bátìrì. Ara irin ọkọ̀ náà ló ń fi ṣe ọ̀nà àbọ̀, òun làwọn ríwáyà ń pè ní bọ́dì. Ṣùgbọ́n orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì àti gíà bọ́ọ̀sì Ìjàpá jókòó sí, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so okùn irin híhun kan, pẹlẹbẹ bí ìgbànú, láti iwájú gíà bọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀. Tèmi ti dípẹtà, fọ́nrán mélòó kan péré ló kù tó di ara wọn mú. Iná kíkì sì pọ̀ ju gbogbo iná yòókù nínú ọkọ̀ lọ. Nígbà tí kò ríbi gbà, ó bá gba inú wáyà tọ́tù sá padà sílé. Lọ́kọ̀ ẹlòmíì, wáyà kílọ́ọ̀ṣì ló máa gbà, tí wáyà náà á máa jóná díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa já.

Owó okùn tuntun ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán èèyàn méjì. Bàbá fi sánpépà ha ojú irin níbi méjèèjì títí ó fi ń dán, wọ́n dì í pinpin, wọ́n ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì àtijọ́ tí mo jù nù, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Kọ́ìlì àtijọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń lọ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí mo kọ́ ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, kí ẹ lè fi í pamọ́ sórí fóònù yín. Orí nǹkan kan ṣoṣo ló dá lé: láti bátìrì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bá iná lọ ní ẹsẹ̀-kò-gbèjì. Ibi tó bá ti kú mọ́ yín lọ́wọ́ ni àìsàn wà. Ẹ má ra nǹkan kan kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀.

Ìjàpá wo lẹ ní?

Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí wọ́n ṣe ṣáájú 1967 ló ń lo bátìrì fólítì 6. Láti àsìkò náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n di fólítì 12. Ọ̀pọ̀ èyí tó ṣẹ́kù nílẹ̀ wa jẹ́ èyí tí iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Badagry l'Ékòó, láti ọdún 1975. (Ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Kàdúná.) Brazil ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọ̀nyí wá. Àwọn kan sì wà tó ti Jámánì wọlé tààrà kí iléeṣẹ́ náà tó dé. Ìjàpá tó kẹ́yìn lágbàáyé jáde ní Puebla, lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, lọ́jọ́ 30 oṣù Keje 2003, nítorí náà, kò sẹ́ni tó tún ń ṣe tuntun.

Kí nìdí tí mo fi ń ka ìtàn? Torí pé àwọ̀ wáyà ọkọ̀ Brazil àti ti Jámánì lè yàtọ̀ síra, àwọn ríwáyà tiwa náà á sì ti fi wáyà àwọ̀ tó bá wù wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láti ogójì ọdún wá. Ẹ má gbọ́kàn lé àwọ̀. Nọ́ńbà kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sára irin níbi tí wáyà ti wọlé ni kẹ́ ẹ máa wò, ọ̀kan náà ni wọ́n kárí. Nọ́ńbà 30 ni iná tó ń wá láti bátìrì nígbà gbogbo. 15 ni iná tó ń dé nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́. 50 ló ń pàṣẹ fún kíkì. 31 ni bọ́dì. Nọ́ńbà 1 sì wà lórí kọ́ìlì, lápá ibi tí wáyà ti ń lọ sí dísítíríbútọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mọ márùn-ún yìí, kò sí ríwáyà tó máa fi èdè dí yín lójú.

Ohun èlò: gílóòbù kan, wáyà méjì

Ẹ ra gílóòbù kékeré ti fólítì 12, irú èyí tó wà nínú iná ẹ̀yìn ọkọ̀, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn, kí ọ̀kan gùn dáadáa. Ẹ fi ohun tó lè gbá irin mú sórí ọ̀kan, òun lẹ máa fi dé bọ́dì. Ẹ fi ìṣó tínínrín sórí èkejì, òun lẹ máa fi kan ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ wò. Tí gílóòbù bá tàn, iná dé ibẹ̀. Bí kò bá tàn, kò dé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mítà ìgbàlódé tó ń kọ nọ́ńbà, ẹ má fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbé tèmi lọ, mo fẹ́ ṣe fọ́rífọ́rí. Wáyà kan wà tó jẹ́ pé fọ́nrán kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀, mítà mi ní fólítì 12 wà níbẹ̀ pé pérépéré. Bàbá fi gílóòbù kàn án, ó tàn bí iná àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Mítà kì í gbé ẹrù, gílóòbù ń gbé e. Ẹ ní méjèèjì tẹ́ ẹ bá lágbára, àmọ́ ẹ gba ti gílóòbù gbọ́.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Abẹ́ rẹ̀, lápá ọ̀tún, ni bátìrì wà. Ẹ wò ó dáadáa. Sípíríǹgì irin ló wà nínú ìjókòó yẹn, tìmùtìmù gbígbẹ ló sì wà lókè rẹ̀. Wọ́n ṣe ìdérí kan fún bátìrì náà látilẹ̀, àmọ́ nínú ọkọ̀ mẹ́wàá tí mo ti yẹ̀ wò, bóyá ni mo rí i nínú méjì. Bí bátìrì tẹ́ ẹ rà bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, tí àwọn àgbà méjì tó sanra sì jókòó sẹ́yìn, sípíríǹgì á tẹ̀ wálẹ̀ kan orí rẹ̀. Ó bíríìjì nìyẹn. Irin á pọ́n, tìmùtìmù á gbiná, abẹ́ ìdí èèyàn niná sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìjàpá sì rèé, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, àwọn tó wà lẹ́yìn ò lè jáde àyàfi tí ẹni iwájú bá kọ́kọ́ jáde. Lọ́jọ́ tí Bàbá ṣàlàyé èyí fún mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ̀ náà gbé dé láti iléèwé. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti gé rọ́bà táyà inú, mo fi bo orí bátìrì. Ẹ lọ ṣe tiyín lónìí, kódà bí ọkọ̀ yín ò bá ní àìsàn kankan.

Ìkejì, ẹ gbóòórùn ibi ẹ́ńjìnnì. Páńpù epo àti rọ́bà epo ò jìnnà rárá sí dísítíríbútọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn pẹtirólù, tàbí tí rọ́bà náà ti sán, ẹ má ṣe dán iná wò, rọ́bà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Magnesium wà nínú irin ẹ́ńjìnnì yìí. Tí ìyẹn bá fi lè gbiná, omi tẹ́ ẹ bá dà sí i á tún mú un burú sí i ni. Ẹ ní ẹ̀rọ panápaná nínú ọkọ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí pẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, torí kọ́ìlì lè gbóná kó bàjẹ́, kọ́ńtáàtì náà á sì jó.

Bátìrì, bọ́dì, kíkì

Bátìrì tó kún, tó ti sinmi, máa ń wà ní nǹkan bíi fólítì 12.6. Tó bá ti wà ní 12.2, ààbọ̀ ló kù. Bẹ́ ẹ bá ń yí kíkì lọ́wọ́ tó já wálẹ̀ kọjá 9.5, ó ti rẹ̀ ẹ́, tàbí kí kíkì fúnra rẹ̀ máa jẹ iná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tú orí méjèèjì, ẹ fi omi gbígbóná fọ ìyẹ̀fun funfun tó wà níbẹ̀, ẹ ha á, ẹ dì í padà. Èyí tí wọ́n fi òòlù gbá wọlé dípò kí wọ́n dì í, pàṣíà ni, á máa ṣe bó ṣe wù ú.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná iwájú, kẹ́ ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kan sì máa wo iná náà. Bí iná bá kú pátápátá, orí bátìrì ò dì, tàbí bátìrì ò ní nǹkan kan nínú. Bí iná bá ṣú díẹ̀ tí kíkì ń kérora, ó lè jẹ́ bátìrì tó ń kú lọ tàbí okùn bọ́dì bíi tèmi. Ẹ fọwọ́ kan wáyà tọ́tù kẹ́ ẹ tó náwó. Bí iná iwájú ò bá yí padà rárá, tí kíkì sì dákẹ́ tàbí tó kàn ní "kọ́", àṣẹ ni ò dé ọ̀dọ̀ kíkì.

Èyí tó kẹ́yìn yìí wọ́pọ̀ gan-an nílẹ̀ olóoru wa. Láàárọ̀, ọkọ̀ jí bí ọmọdé. Ẹ wà á dé Ọjà'ba, ẹ pa á, ẹ ra ẹran, ẹ padà dé, "kọ́" lẹ máa gbọ́. Bátìrì wà lẹ́yìn, kíkì wà lẹ́yìn, àmọ́ iwájú ni súwíìṣì kọ́kọ́rọ́ wà. Iná máa rìn láti ẹ̀yìn lọ síwájú, á tún rìn padà wá sẹ́yìn kó tó dé nọ́ńbà 50. Wáyà tó ti darúgbó máa ń jẹ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, ooru sì máa ń dá kún un. Ẹ fọ gbogbo oríkèé wáyà náà. Bí kò bá tán, ẹ jẹ́ kí ríwáyà so ríléè kan sí ẹ̀yìn, tó máa gbé iná látinú bátìrì tààrà, kó jẹ́ pé àṣẹ nìkan ni wáyà àtijọ́ yẹn á máa gbé. Títí dìgbà yẹn, ẹ máa gbé ọkọ̀ sí orí òkè. Ìbàdàn ò kúkú ní ìṣòro òkè. Láti Mápó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, gíà kejì ti tó láti jí Ìjàpá, bí bátìrì ò bá ti kú tán.

Kíkì ń yí, ọkọ̀ ò jí

Ibí ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Nínú dísítíríbútọ̀, irin kékeré méjì wà tó ń pàdé, tó sì ń túká. Àwọn ni kọ́ńtáàtì. Nígbà tí wọ́n bá pàdé, iná fólítì 12 ń kọjá nínú kọ́ìlì. Nígbà tí wọ́n bá túká lójijì, iná tó wà nínú kọ́ìlì máa fò sókè, ó lè ju fólítì 15,000 lọ, ìyẹn ló ń bẹ́ lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì tó ń sun epo. Rótọ̀ tó ń yí lábẹ́ ìdérí ló ń pín in fún pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kọndẹ́ńsà, agolo kékeré tó wà lára dísítíríbútọ̀, ló ń gbé ìyókù iná tí kì í fi jó kọ́ńtáàtì. Iṣẹ́ kí wọ́n ṣáà pàdé kí wọ́n túká ni. Èrùpẹ̀ bíńtín tó bá wà láàárín wọn, ọkọ̀ á dúró sójú títì.

Ẹ yọ wáyà ńlá tó ti àárín kọ́ìlì wá kúrò lórí ìdérí dísítíríbútọ̀. Ẹ fi igi ìfàmọ́ aṣọ gbígbẹ gbá a mú, ẹ má fi ọwọ́ lásán dì í o, kẹ́ ẹ mú ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, kó ku bíi mìlímítà 6. Kí ẹnì kejì yí kíkì. Bí iná búlúù bá ń bẹ́ tó ń dún "tá, tá, tá", kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì ti ṣe tiwọn. Ẹ lọ wo ìdérí, rótọ̀, wáyà àwọn pọ́lọ́ọ̀gì àti pọ́lọ́ọ̀gì fúnra wọn. Ìlà dúdú tínínrín nínú ìdérí, bí ìlà tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà, iná ti ń gba ibẹ̀ sá lọ. Ní àsìkò òjò, ẹ nu gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ kẹ́ ẹ tó ronú ohun mìíràn. Bí gbogbo ìyẹn bá dáa, tí iná ń bẹ́ lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì, ọ̀rọ̀ epo ni, ẹ pe mẹkáníìkì.

Bí iná ò bá bẹ́, ẹ mú gílóòbù. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ fi kan nọ́ńbà 15 lórí kọ́ìlì. Kò tàn? Kọ́ìlì ò jẹ̀bi. Iná ti kú láàárín súwíìṣì kọ́kọ́rọ́ àti ibí, ẹ tọpa wáyà náà padà síwájú. (Iná yìí kì í gba inú fúùsì kọjá nínú Ìjàpá, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ máa wá fúùsì rẹ̀.) Ó tàn? Ẹ sún gílóòbù lọ sí nọ́ńbà 1, kí wọ́n yí kíkì. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́jú, kó tàn, kó kú, kó tàn, kó kú. Tó bá tàn tí kò kú rárá, kọ́ńtáàtì ò pàdé, tàbí ìdọ̀tí wà láàárín wọn, tàbí wáyà tó lọ sí dísítíríbútọ̀ ti já. Tí kò bá tàn rárá, kọ́ńtáàtì ò túká, tàbí wáyà inú dísítíríbútọ̀ ti bó tó kan bọ́dì, tàbí kọndẹ́ńsà ti bíríìjì, tàbí kọ́ìlì ti já nínú. Láti dá wọn mọ̀, ẹ yọ wáyà tó wà lórí nọ́ńbà 1 kúrò, kẹ́ ẹ tún fi gílóòbù kan ibẹ̀. Bó bá tàn báyìí, kọ́ìlì gba àre, inú dísítíríbútọ̀ ni ẹjọ́ wà. Àfi tí kò bá tàn nìkan ni kẹ́ ẹ tó máa lọ ra kọ́ìlì.

Ẹ rí i? Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo ìyẹn gbà. Èmi ti ra kọ́ìlì láìṣe é.

Àlàfo kọ́ńtáàtì nígbà tó bá ṣí tán jẹ́ mìlímítà 0.4, ti pọ́lọ́ọ̀gì sì jẹ́ nǹkan bíi 0.6 sí 0.7. Kọ́ńtáàtì ní ẹsẹ̀ kékeré kan tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń fara ha irin tó ń yí, nítorí náà àlàfo yẹn á máa dín kù fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ́ra. Ẹ fi gíríìsì bíńtín síbẹ̀, kó má pọ̀ tó fi máa ta sí kọ́ńtáàtì. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ kọ́ńtáàtì tó tún dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀, kọndẹ́ńsà ni kẹ́ ẹ fura sí. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì ti fọwọ́ kan àlàfo yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún tọ́mììnì ọkọ̀ wò, torí ó ti yí padà nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún wáyà pọ́lọ́ọ̀gì. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ iná Ìjàpá ni 1-4-3-2, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tẹ́ ẹ kọjú sí ẹ́ńjìnnì, 1 àti 2 wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, 3 àti 4 wà lọ́wọ́ òsì; 1 àti 3 ló wà nínú lọ́hùn-ún, 2 àti 4 ló sún mọ́ yín. Ọ̀rẹ́ mi kan yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó lè fọ̀ wọ́n, ó tò ó padà ní 1-2-3-4. Ìró tí ọkọ̀ náà yìn, àwọn ará àdúgbò rò pé wọ́n ń dìbò ni.

Àwọn àìsàn tó máa ń purọ́

Ọkọ̀ jí, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ó kú. Gbogbo ayé á ní kẹ́ ẹ lọ fọ kabúrétọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo kabúrétọ̀ náà lápá ẹ̀gbẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ Ìjàpá ìkẹyìn, nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ bí orí bóòtù tí wáyà kan wọ̀. Iná láti nọ́ńbà 15 ló ń ṣí i kí epo tí ọkọ̀ fi ń dúró jẹ́ẹ́ lè kọjá. Tí wáyà rẹ̀ bá já, ọkọ̀ ò ní dúró láé, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ kabúrétọ̀ tó. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ wáyà náà, ẹ fi kàn án padà. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró kékeré kan.

Èkejì: ọkọ̀ kú nígbà tó gbóná, ó jí lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó lè jẹ́ kọ́ìlì tàbí kọndẹ́ńsà tí kò fara da ooru mọ́, ó sì lè jẹ́ epo tó ń hó nínú rọ́bà. Ojú ẹsẹ̀ tó bá kú ni kẹ́ ẹ dán iná wò. Bẹ́ ẹ bá dúró kó tutù, ẹ̀rí ti lọ.

Iná pupa

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tí mo ti kọ, ẹ má gbàgbé eléyìí. Nínú ọkọ̀ mìíràn, tí iná bátìrì bá pọ́n lójú ọ̀nà, ẹ lè rọra wakọ̀ délé. Nínú Ìjàpá, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Fáànù bẹ́líìtì kan ṣoṣo tó ń yí dáínámò tàbí ọ́tánétọ̀, orí irin yẹn kan náà ni fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì wà. Ìjàpá ò ní omi, ò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tù ú. Tí bẹ́líìtì bá já, iná pupa nìkan ló máa sọ fún yín, ẹ́ńjìnnì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jóná nìyẹn.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wò ó. Bó bá já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má fi ilé sílẹ̀ láìní ọ̀kan nínú búùtù. Bẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín, ó yẹ kó wọlé ní nǹkan bíi mìlímítà 15. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó dà bí òrùka tó wà láàárín ìyípo rẹ̀ ni wọ́n fi ń fà á tàbí dẹ̀ ẹ́. Bí bẹ́líìtì bá wà níbẹ̀ tó sì dì, dáínámò tàbí rẹ́gúlétọ̀ ni. Ẹ lè rọra wà á lọ sọ́dọ̀ ríwáyà, kẹ́ ẹ má tan iná iwájú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dáa tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, bátìrì yẹ kó wà láàárín fólítì 13.5 sí 14.5.

Iná iwájú, iná ẹ̀yìn, fúùsì

Èyí ò le. Fúùsì Ìjàpá àtijọ́ rí bí kóró kékeré tó gùn. Funfun jẹ́ 8, pupa jẹ́ 16. Ẹnu wọn máa ń dípẹtà. Kẹ́ ẹ tó sọ pé iná ò ṣiṣẹ́, ẹ fi ìka yí fúùsì kọ̀ọ̀kan ní àyè rẹ̀. Ìdajì àwọn iná tí mo rò pé ó kú ló tàn báyẹn. Ẹ má fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dí ojú fúùsì o. Wáyà ló máa jó dípò rẹ̀. Bí iná ẹ̀yìn bá ń ṣe bákan, tẹ́ ẹ tẹ búréèkì tí atọ́ka ń tàn, bọ́dì sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni kẹ́ ẹ fọ̀.

Nípa páàtì, Aráròmí ní Agodi Gate ni mo ti ń rà, ẹ gbé ti àtijọ́ dání, kẹ́ ẹ fi wé e. Nípa ríwáyà, ẹ wo bó ṣe ń so wáyà. Èyí tó kàn ń lọ́ wáyà méjì pọ̀ tó ń fi téèpù wé e, iṣẹ́ oṣù tó ń bọ̀ ló ń ṣe sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Nígbà tí èmi àti Bàbá tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù mi, irú oríkèé bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá la bá níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ò lọ síbì kankan.

Ó ku fèrè, tí kì í dún àyàfi tí mo bá yí sítíárìn sápá òsì. Bàbá ní rọ́bà kan wà nísàlẹ̀ òpó sítíárìn, wáyà tínínrín kan ló ń gbé bọ́dì kọjá lórí rẹ̀, bóyá ló fi ní já. Sátidé yìí la máa ṣí i. Títí dìgbà náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá pàdé mi ní Ògùnpa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi.